Ọjọ́ Tí Morẹ́nikẹ́ Se Ràkúnmí

Ọdún méjìlélógún ni Morẹ́nikẹ́ ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé Àwáwù ní àdúgbò Àjẹgúnlẹ̀ nílùú Ṣakí, kò sì sí ọjọ́ kan tí Àwáwù fi ẹnu kan ọbẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ń bára wọn jà o. Ẹni tó bá rí wọn pọ̀ á ní ìyá àti ọmọ ni wọ́n. Àwáwù ló wẹ Gbémisọ́lá, àkọ́bí Morẹ́nikẹ́, títí ọrùn ọmọ fi le. Morẹ́nikẹ́ ló ń rán gbogbo aṣọ tí Àwáwù ń wọ̀, nítorí iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe. Ògiri tó wà láàrin àgbàlá méjèèjì ti wó lápá kan látijọ́, wọn ò sì tún un mọ, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá sọ́dọ̀ ara wọn. Oúnjẹ nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀: ti Àwáwù ń bọ̀ lọ́dọ̀ Morẹ́nikẹ́, ti Morẹ́nikẹ́ kì í lọ.

Morẹ́nikẹ́ kì í ṣe ọmọ Ṣakí. Ìgbòho ni Ìdòwú káfíńtà ti lọ fẹ́ ẹ wá. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, bàbá rẹ̀ kò sì fẹ́ ìyàwó mìíràn. Òun àti ẹ̀gbọ́n ọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n jọ dàgbà lóko iṣu. Ó mọ ebè í kọ, ó mọ iṣu í wa láìṣá a lọ́gbẹ́, ó sì lè gún iyán tí kò ní kókó kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ní ti ọbẹ̀, ata gígún àti iyọ̀ nínú epo gbígbóná ni àwọn ọkùnrin náà ń pè bẹ́ẹ̀, ohun tí òun náà sì mọ̀ wọ ilé ọkọ nìyẹn. Nígbà tó kọ́kọ́ se ẹ̀fọ́ fún Ìdòwú, òkèlè mẹ́ta ni ọkùnrin náà jẹ, ó ní òun ti yó. Ẹni tó ti ń fi ayùn rẹ́ pákó láti òwúrọ̀!

Ní ọjọ́ kejì ni Àwáwù yọ sí i láti ibi ògiri tó wó. Ó ti ń sún mọ́ ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà, opó ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lẹ́nu.

"Ìyàwó, ṣé ọbẹ̀ lo sè lánàá ni, àbí aṣọ lo fẹ́ rẹ láró?"

Omijé bọ́ lójú Morẹ́nikẹ́. Àwáwù wò ó, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Ta ló yẹ kó kọ́ ọ?"

"Ìyá mi ti kú, mà."

Àwáwù ká ìró rẹ̀ sókè, ó jókòó sídìí ààrò, ó ní kó gbé ìkòkò wá.

Bí ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwáwù kì í wọn nǹkan, etí ló fi ń dáná. "Gbọ́ ohùn epo yẹn. Bó bá ń pariwo, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bó bá dákẹ́, da ata sí i." Kí ọdún kan tó pé, Ìdòwú ti ń fi ìka nu abọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti ń bẹ Morẹ́nikẹ́ pé kó wá bá àwọn dáná níbi ìkómọ. Ṣùgbọ́n bó bá bu ọbẹ̀ kọjá sí Àwáwù, èsì kan náà ni: "O ṣé, ìyàwó. Ọwọ́ rẹ ń dáa bọ̀. Gbé e fún Samsu." Samsudeen, ọmọ kan ṣoṣo tí Àwáwù bí, á jẹ ẹ́ tán, á tún béèrè. Ìyá rẹ̀ á wà nídìí ìkòkò tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Morẹ́nikẹ́ fún bí ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá obìnrin náà nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tó pé ọdún méjìlélógún náà, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣe Iléyá, òjò rọ̀, Àwáwù fẹ́ gbé korobá sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí símẹ́ńtì. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbalẹ̀, ọrùn ọwọ́ náà sì kán. Bàbá kan tó ń to eegun lọ́nà Ìgbòho fi igi pẹlẹbẹ àti aṣọ dì í, ó ní kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni àádọ́rin ọdún kì í ṣe ọmọdé. Sodiqat, ìyàwó Samsudeen, wá láti Ìjìó níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe tíṣà, ó sì dáná fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwáwù á jókòó tì í, á máa pàṣẹ láti orí ata dé orí iyọ̀, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ Sodiqat ni, ọbẹ̀ Àwáwù ni. Ṣùgbọ́n oyún Sodiqat ti wọ oṣù kẹjọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, Àwáwù fúnra rẹ̀ ló sì lé e padà sílé.

"Màá ṣe ara mi," ó ní. "Lọ bímọ rẹ láyọ̀."

Lẹ́yìn tí ọmọbìnrin náà lọ tán, Morẹ́nikẹ́ ò rí i kí èéfín jáde láti ààrò ìyá náà mọ́. Búrẹ́dì àti tíì ló ń mu láàárọ̀, búrẹ́dì àti tíì náà ló ń mu ní ìrọ̀lẹ́. Morẹ́nikẹ́ gbé mọ́ínmọ́ín lọ, Àwáwù ní òun ti jẹun. Ó gbé èkuru lọ, Àwáwù ní òun ti yó. Eegun èjìká rẹ̀ ti ń yọ lábẹ́ aṣọ, Morẹ́nikẹ́ sì rí i kíákíá ju ẹnikẹ́ni lọ, torí ọwọ́ rẹ̀ ló wọn èjìká náà láìmọye ìgbà.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta sí ọdún ni àwọn ràkúnmí dé. Mẹ́ta ni wọ́n. Ọkọ̀ ńlá kan ló kó wọn láti Sókótó, ó gba Kàíámà wọlé. Ọmọ ìlú kan tó ń ṣòwò lókè òkun ló fi wọ́n tọrẹ. Ó ní kí wọ́n má dárúkọ òun, kí wọ́n sáà pín ẹran wọn fún àwọn opó àti àwọn tí apá wọn ò ká àgbò. Gbogbo Àjẹgúnlẹ̀ ló jáde wá wò wọ́n. Àwọn ọlọ́kadà dúró láàrin títì, àwọn èrò ẹ̀yìn wọn ò sì bínú, nítorí àwọn náà ń wòran. Ọ̀kan nínú àwọn ẹran náà na ọrùn kọjá ògiri ilé kan, ó dúró, ó ń wo obìnrin tó ń dáná níbẹ̀ bíi ìyá ọkọ.

Ìdòwú wò wọ́n títí. "Bí mo bá kan àga báyìí," ó ní, "ẹni tó ni ín á gbé e padà wá fún mi."

Ní ọjọ́ Iléyá, lẹ́yìn tí wọ́n ti Yídì dé tí wọ́n sì ti pa ẹran tán, Sàlàkọ́, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí, gbé làílọ́ọ̀nù dúdú kan wọlé tọ Àwáwù wá.

"Ìyá Samsu, tiyín rèé. Ẹran ràkúnmí ni o. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ ẹni tó fi tọrẹ."

"Àmín. Báwo ni wọ́n ṣe ń sè é?"

Sàlàkọ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyá, pípín ni wọ́n ní kí n máa pín in."

Morẹ́nikẹ́ ń kó àwọn aṣọ tó ti rán jọ nígbà tó gbọ́ ohùn láti ibi ògiri. "Ìyàwó! Bó o bá ráyè, yà wá."

Ó bá Àwáwù lórí àpótí, ẹran náà wà nínú abọ́ fífẹ̀ níwájú rẹ̀. Pupa rẹ̀ ṣókùnkùn ju ti màlúù lọ, fọ́nrán rẹ̀ gùn, ó sì nípọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rá funfun kan wà tó tóbi tó ìdajì búrẹ́dì, kò sí ẹran kankan lára rẹ̀.

"Kí lèyí, mà?"

"Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ nìyẹn." Àwáwù fi ọwọ́ òsì lé eṣinṣin. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn tí Morẹ́nikẹ́ ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ẹran ọdún ni. Ẹni tó fi tọrẹ ò mọ̀ mí rí, ó sì rò mí kàn. N ò fẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. N ò sì lè gbé ìkòkò. Bá mi sè é."

Morẹ́nikẹ́ fa abọ́ náà mọ́ra. Láti ìgbà tó ti jẹ́ ìyàwó tuntun ló ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn, kò mọ̀ pé ẹran tí òun ò mọ orí mọ ìdí rẹ̀ ni yóò bá a wá. "Màá sè é, mà. Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ kí n ṣe é?"

Ó ń dúró kí àṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àwáwù mi orí.

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n," ó ní.

Wọ́n kọ́kọ́ sè é bí ẹran màlúù, nítorí ohun tí a mọ̀ la fi ń wá ohun tí a ò mọ̀. Morẹ́nikẹ́ gé díẹ̀ nínú rẹ̀, ó fi iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà sí i, ó ki igi sábẹ́ ìkòkò. Láti ìgbà tí wọ́n kírun Àìlà tán títí di Alásàrí ni iná náà fi ń jó. Wọ́n fi ewé ìbẹ́pẹ sí i. Wọ́n ju ṣíbí irin sínú rẹ̀, bí àwọn àgbà kan ṣe máa ń sọ. Omi gbẹ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n bu òmíràn sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí Morẹ́nikẹ́ wá yọ ègé kan síta tó fẹ́ fi ọ̀bẹ là á, ẹran náà ta lábẹ́ ọ̀bẹ, ó fò kọjá etí abọ́, ó bọ́ sílẹ̀ níwájú adìẹ kan. Adìẹ náà sá.

Àwáwù fi ṣíbí bu ègé mìíràn sẹ́nu. Ó fi àwọn eyín tó kù fún un rún un, ó tún un rún, ó tu ú sọ́wọ́, ó sì wò ó.

"Ìyàwó," ó ní, "ràkúnmí yìí ò tíì gbà pé òun ti kú."

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí Àwáwù fi ń di ọwọ́ tó kán mú, tó ń pariwo pé kí Morẹ́nikẹ́ má pa òun, tí Ìdòwú sì yọ orí láti ibi ògiri kó lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹran tó kù sórí àwọ̀n irin lókè iná, kí èéfín lè bá wọn tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àwáwù tún mu tíì, ó tún jẹ búrẹ́dì, lọ́jọ́ ọdún. Ìyẹn ló ká Morẹ́nikẹ́ lára jù. Ọbẹ̀ lè bàjẹ́, a ó tún òmíràn sè. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ bọ́ ènìyàn kò yẹ kó jẹ búrẹ́dì gbígbẹ lọ́jọ́ Iléyá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà lọ sí Sábó. Ìyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀, Ràkíyà lorúkọ rẹ̀, ó ń din wáìnà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, lẹ́bàá títì. Ọmọ Sókótó ni, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti wà ní Ṣakí. Morẹ́nikẹ́ ló ń rán aṣọ ilé ìwé fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Kò tíì kí i tán tó fi ro ẹjọ́ ẹran náà.

Ràkíyà ń yí wáìnà padà bó ṣe ń gbọ́. "O gé e gbọọrọ bí okùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O kó igi sí i, ó ń hó gùdùgùdù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Iyọ̀ ńkọ́? Ìgbà wo lo fi iyọ̀ sí i?"

"Látìbẹ̀rẹ̀."

Ràkíyà fi ṣíbí lélẹ̀. "Wáyyò! Ìwọ lo so ó lókùn, o tún wá ń bínú pé kò rìn." Ó nu ọwọ́, ó fa Morẹ́nikẹ́ mọ́ra. "Gbọ́ mi. Wo ibi tí fọ́nrán ẹran yẹn dojú kọ. Má tẹ̀ lé e. Dábùú rẹ̀ ni kó o gé e sí, kéékèèké. Omi, àlùbọ́sà, atalẹ̀, kànáfùrù méjì mẹ́ta. Kò sí iyọ̀, kò sí ata. Iná díẹ̀. Bó o bá gbọ́ tó ń pariwo, yọ igi. Kó máa mí ni o fẹ́, kì í ṣe kó máa hó. Bó bá ti rọ̀ tán, ìgbà yẹn ni iyọ̀ tó wọlé."

"Ọ̀rá funfun kan tún wà níbẹ̀, mà."

Ojú Ràkíyà là. "Wọ́n fún yín ní iké ẹ̀yìn rẹ̀! Àwọn èèyàn yẹn fẹ́ràn ìyá rẹ. Má ra òróró. Iké yẹn ni kó o yọ́, òun ni kó o fi din ata. Ẹran yìí ti rin aginjù láìmu omi, kì í yára fún ẹnikẹ́ni. Má bá a jà."

Ó di wáìnà mẹ́rin sínú bébà fún un, ó ní òun fi ṣe Iléyá.

Àárọ̀ náà ni Morẹ́nikẹ́ tún dáná ní àgbàlá Àwáwù. Igi méjì péré ló kì sábẹ́ ìkòkò. Ó gbé ẹran náà sórí pákó, ó yí i lọ, ó yí i bọ̀, bó ṣe máa ń yí aṣọ wò kó tó fi sísọ́ọ̀sì sí i, títí ó fi rí ọ̀nà tí fọ́nrán náà gbà. Ó dábùú rẹ̀, ó ń gé e tín-ín-rín. Ọ̀bẹ ń wọlé láìjà. Àwáwù jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó na etí sí ìkòkò.

"Ó ń pariwo," ó sọ lẹ́ẹ̀kan.

Morẹ́nikẹ́ yọ igi kan. Ìkòkò náà rọlẹ̀, ó ń mí.

Ìdòwú kọjá wá, ó rí wọn, ó dúró. Alàgbà ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. "Bí mo ṣe gbọ́ ọ," ó ní, "òfin àtijọ́ sọ pé ẹran tí pátákò rẹ̀ kò là kì í ṣe àjẹ."

Morẹ́nikẹ́ ò gbójú sókè. "Bàbá Gbémi, òkété tí ẹ jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé pátákò rẹ̀ là?"

Àwáwù fi ìbòrí bo ẹnu. Ìdòwú ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jà, òun kàn sọ ohun tí òun gbọ́ ni. Ó lọ, ṣùgbọ́n kò lọ jìnnà. Wọ́n ń gbọ́ ìró òòlù rẹ̀ nítòsí.

Ó tó wákàtí mẹ́rin. Morẹ́nikẹ́ kò jókòó tẹtí nìkan o. Ó lọ ata, ó ṣa irú, ó bẹ iṣu ọdún tó kọjá tó ṣẹ́kù nínú àká wọn, ó gbé e kaná lápá kejì. Nígbà tó yá, ó gé iké náà wẹ́wẹ́ sínú agbada, ó ń yọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ pariwo, ó wá dákẹ́, òórùn kan sì jáde níbẹ̀ tí kò jọ ti màlúù, tí kò jọ ti àgbò, ó fúyẹ́, ó sì ń ta sánsán díẹ̀ bí ewéko gbígbẹ. Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn. Nígbà tí ọ̀rá náà dákẹ́, Morẹ́nikẹ́ da ata sí i.

Ó ṣí ìkòkò ẹran, ó fi ṣíbí tẹ ègé kan. Ó là sí méjì. Ó da gbogbo ẹran náà sínú agbada ata.

Ó bu omi ọbẹ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ wò, ó wá bu díẹ̀ sínú ṣíbí, ó gbé e lọ fún Àwáwù kó bá a wo iyọ̀ rẹ̀. Àwáwù wo ṣíbí náà. Ó fi ọwọ́ òsì rọra tì í padà.

"Ìwọ lò ń sè é," ó ní. "Fi iyọ̀ sí i bó bá ṣe tọ́ lẹ́nu rẹ."

Morẹ́nikẹ́ bu iyọ̀. Ó fi sí i, ó dúró, ó tọ́ ọ wò, ó tún fi díẹ̀ kún un.

Ó gún iyán náà fúnra rẹ̀. Ó gbé oúnjẹ síwájú Àwáwù, ó bu omi fún un, ìgbà yẹn ni àwọn méjèèjì tó rántí pé ọwọ́ ọ̀tún Àwáwù wà nínú igi. Ṣíbí kì í ṣe ohun ìjẹyán, Àwáwù kò sì ní fi ọwọ́ òsì bu òkèlè láéláé. Ó wo iyán, ó wo ọwọ́ rẹ̀.

Morẹ́nikẹ́ fọ ọwọ́. Ó fa àpótí kejì sún mọ́ ọn, ó bu òkèlè kékeré, ó fi kan ọbẹ̀, ó fi ègé ẹran kan lé e. "Ẹ ṣe Bísímílà, mà."

Àwáwù kọ́kọ́ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yí i padà. "Bísímílà," ó ní, ó sì la ẹnu.

Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó pa ojú dé bíi ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn láti ọ̀nà jíjìn. Àwáwù gbé e mì.

"Ó rọ̀," ó ní. "Ó rọ̀, kò sì tẹ́. Kí lo fi sí i tó ń ta mí nímú báyìí?"

"Kànáfùrù ni, mà."

"Èmi ì bá má fi sí i. Ìwọ lo jàre. Bu òmíràn."

Òkèlè kejì, ìkẹta, ìkẹrin. Ní ìkarùn-ún ni Àwáwù sọ pé, "Ṣé o mọ ìdí tí n kì í fi í jẹ ọbẹ̀ rẹ?"

"Mo rò pé kò dùn tó ni, mà."

"Samsu kì í purọ́ oúnjẹ. Mo mọ̀ pé ó dùn." Ó wo àgbàlá náà títí dé ibi ògiri. "Ohun tó ṣe ìyá ọkọ mi ni mo rí. Lọ́jọ́ tí mo gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀, inú mi dùn pé mo ti di obìnrin ilé. Òun lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò dìde mọ́. Ọdún yẹn náà la sin ín. Ó wá wà lọ́kàn mi pé ọjọ́ tí mo bá jẹ nínú ìkòkò ẹlòmíràn, ilẹ̀ ti ṣú fún mi nìyẹn. Kí Ọlọ́run foríjì mí, mo fi ọdún méjìlélógún dọ́gbọ́n sá fún ọbẹ̀ ọmọ mi."

Morẹ́nikẹ́ bu òkèlè mìíràn, ó gbé e sókè. "Ilẹ̀ ò tíì ṣú, mà. Ẹ wò ó, oòrùn ń ràn."

"Mo rí i," Àwáwù ní, ó sì jẹ ẹ́.

Ó jẹ iyán náà kù díẹ̀ kó tán. Nígbà tó mumi tán, ó gbé ohùn sókè: "Ìdòwú! Fi òòlù yẹn sílẹ̀ wá jẹun!" Ìdòwú dé kíákíá bí ẹni tó ti wà lẹ́yìn ògiri tẹ́lẹ̀. Ó ní òun kàn fẹ́ tọ́ ọ wò ni, nítorí kí wọ́n má bàa sọ pé òun gbéraga. Ègé méje ló fi tọ́ ọ wò.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé ìta. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Àjẹgúnlẹ̀, ohun tó ṣe Àwáwù àti Morẹ́nikẹ́ lọ́jọ́ ọdún ló ṣe gbogbo wọn: ẹran ti le, eyín ti ro, wọ́n ti ń ronú àtifi fún ajá. Sàlàkọ́ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ padà wá pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀bi. "Ìyá Samsu, wọ́n ní tiyín rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kọ́ àwọn ará ilé mi."

Àwáwù na ọwọ́ òsì sí ìhà kejì ògiri. "Ẹ lọ bá ìyàwó. Òun ló sè é."

Bí Morẹ́nikẹ́, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ṣe di ẹni tó ń ti ilé Mùsùlùmí kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dábùú fọ́nrán ẹran, tó ń bá wọn yọ igi lábẹ́ ìkòkò. Ilé méje ló dé láàrin ọjọ́ méjì. Ní ilé kẹrin, ìyá kan bi í pé ìlú Hausa wo ló ti gbé rí. Ó ní Ìgbòho. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì rìn wálé pẹ̀lú òórùn kànáfùrù lára aṣọ rẹ̀, ara rẹ̀ yá gágá. Ó ya ọ̀dọ̀ Ràkíyà náà lọ́jọ́ kẹta, ó gbé abọ́ kan lọ fún un. Ràkíyà tọ́ ọ wò, ó ní irú tó fi sí i kì í ṣe ti Sókótó, ṣùgbọ́n òun ò ní dá a padà.

Sodiqat bí ọmọbìnrin lóṣù tó tẹ̀ lé e. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Sàrátù. Wọ́n tú igi kúrò lọ́wọ́ Àwáwù, eegun náà ti so, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ ò yí dáadáa mọ́, kò sì lè gbé odó. Wọn ò fi ọ̀rọ̀ kankan ṣe àdéhùn, ó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni: bí Morẹ́nikẹ́ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, ọbẹ̀ Àwáwù ti ń dúró dè é, bí Àwáwù bá ti Jímọ̀ dé, ọ̀dọ̀ Morẹ́nikẹ́ ni yóò gbà, kò ní dé ilé tirẹ̀ rárá. Ní Jímọ̀ tó kọjá, ẹ̀wà ni Morẹ́nikẹ́ sè. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn àti Ìdòwú jókòó sábẹ́ ìgbátí òrùlé, abọ́ wà lórí itan wọn. Àwáwù jẹ ẹ́ díẹ̀, ó ní ata rẹ̀ kéré, ó sì na abọ́ pé kí wọ́n bu sí i.